Ohun Tí Inú Rírun Kọ́ Mi, fún Ọmọ Mi Tó Fẹ́ Máa Wádìí Rẹ̀

Maourey, Niamey
Ọjọ́ Àlàmísì, lẹ́yìn ìrun Alásàrì

Àbẹ̀kẹ́ mi, Nímótà ọmọ Búsàrí,

Ìyá rẹ ló ní kí n kọ́kọ́ kọ ọ́ pé òun kí ọ, kí n tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tèmi, nítorí ó mọ̀ pé bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, n ò ní rántí mọ́. Mo ti kọ ọ́ o. Ó kí ọ. Ó ní ṣé o ti rí ẹni tí yóò máa bá ọ dirun ní Ìlọrin, àti pé kí o má ṣe máa mu omi tí o kò mọ ibi tó ti wá. Èmi náà kí ọ. Kí Ọlọ́run tó mú ẹsẹ̀ rẹ dé ìlú bàbá rẹ jẹ́ kí ilẹ̀ ibẹ̀ gbà ọ́ tọwọ́tẹsẹ̀.

N kò kọ irú ìwé báyìí sí ọmọ kankan rí. Nígbà tí Jímọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ gbéyàwó, ẹnu ni mo fi bá a sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí mo ní fún ọ yìí, bí mo bá ní kí n sọ ọ́ lórí fóònù, n ó kàn máa wúkọ́ ni, n ó sì gbé fóònù fún ìyá rẹ. Yorùbá ni mo fi kọ ọ́, nítorí Faransé tèmi kò ju ti ọjà lọ. Mo mọ̀ pé Yorùbá kíkà máa ń ni ọ́ lára. Rọra máa kà á sókè, wàá gbọ́ ọ bí ẹni pé èmi gan-an ni mò ń sọ̀rọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá tí o pè, o ní wọ́n ti gbà ọ́ sáàárín àwọn oníṣègùn tí ń ṣe ìwádìí lórí kolopatí. O ṣàlàyé fún ìyá rẹ pé àìsàn ìfun ni, pé kì í ní egbò, kì í ní kòkòrò, ṣùgbọ́n ó máa ń mú inú run èèyàn, inú a wú bí àpò omi, ìgbẹ́ a le bí òkúta lónìí, a sì di omi lọ́la. Ìyá rẹ ń wò mí bí o ṣe ń sọ ọ́. Mo gba fóònù, mo ní Alihamudulilahi. O bi mí pé, "Bàbá, kí ló ṣe ohùn yín?" Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni.

Kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ọmọ mi. Àìsàn tí o ń lọ wádìí yẹn, ó ti lé ní ogójì ọdún tó ti ń bá mi gbé. O mọ díẹ̀ nínú rẹ̀. O mọ̀ pé n kì í mu wàrà, o sì mọ̀ pé mo máa ń pẹ́ ní ṣáláńgá, ẹ̀yin ọmọ a tiẹ̀ máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Ohun tí o kò mọ̀ ni ohun tí mo tìtorí àìsàn náà ṣe sí ẹlòmíràn. Èmi tí mò ń ta aṣọ ní Grand Marché láti ìgbà ọ̀dọ́ mi, mo mọ̀ pé aṣọ tí oníbàárà kò bá tú wò dé ìdí lọ́jà, ilé ló ti máa ń rí ihò rẹ̀. Jẹ́ kí n tú tèmi fún ọ wò.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi Sàláwù ránṣẹ́ pè mí wá sí Niamey. Òun ni ẹ̀yin ń pè ní Bàbá Gamkalley, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Ràlíátù ìyàwó rẹ̀ ni Ìyá Gamkalley. Nígbà yẹn kò sí ẹni tó ń gbé Gamkalley nínú wa. Inú agboolé yìí náà ni gbogbo wa wà, yàrá mẹ́ta lábẹ́ igi dóńgóyárò. Ìyàwó kì í pe orúkọ àbúrò ọkọ, nítorí náà Akọ̀wé ló ń pè mí, torí pé mo lè kàwé. Obìnrin náà kò jù mí lọ ju ọdún méjì mẹ́ta, ṣùgbọ́n bí ìyá ló ṣe ṣe mí.

Òjò àkọ́kọ́ tí mo bá níbí, ìgbẹ́ ọ̀rìn kọlù mí. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi dùbúlẹ̀. Ìyá Gamkalley ló ń fún mi ní omi ìrẹsì oníyọ̀ díẹ̀díẹ̀, òun ló ń fọ ẹní mi. Ara mi yá. Ṣùgbọ́n inú mi kò padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ mọ́ láéláé. N ó wà níbi tí mo ti ń wọn aṣọ fún oníbàárà, inú á ṣàdédé lọ́ mi, òógùn á bò mí, n ó ju aṣọ sílẹ̀, n ó sì sáré. Kò sí ṣáláńgá kan láti Grand Marché dé etí odò tí n kò mọ̀. Ní ọjọ́ mìíràn, inú náà á tì pa, odidi ọjọ́ mẹ́rin, n ó wú débi tí n kò ní lè so okùn ṣòkòtò mi. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ni dókítà kan sọ fún mi pé ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn ẹlòmíràn: àrùn á lọ, ìfun kò ní gbàgbé.

Àṣìṣe mi àkọ́kọ́ nìyí: mo bò ó mọ́lẹ̀. Ojú ń tì mí. Ta ni yóò jókòó láàárín àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ kó máa sọ̀rọ̀ ìgbẹ́? Bí ẹ̀gbọ́n mi bá bi mí, n ó ní kò sí nǹkan. Bí ìyàwó rẹ̀ bá bi mí, n ó ní kò sí nǹkan. Bí a bá dákẹ́, tara ẹni a bá ni dákẹ́. Mo wá ń fúnra mi wo ara mi. Mo sọ fún ara mi pé jẹ̀díjẹ̀dí ni, mo mu àgbo títí ẹnu mi fi korò bí ewé dóńgóyárò. Mo ra oògùn lọ́wọ́ àwọn tí ń kó o sórí àwo kiri ọjà, aláwọ̀ pupa, aláwọ̀ ewé, n kò mọ orúkọ kankan nínú wọn. Mo mu ohun tí ń mú inú ṣí, mo tún mu ohun tí ń mú inú dì, nígbà mìíràn ní ọjọ́ kan náà. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí orí ń fọ́ kì í rántí òwe.

Nítorí náà, Àbẹ̀kẹ́, àwọn tí yóò wá jókòó níwájú rẹ yóò ti mu gbogbo nǹkan kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Bi wọ́n ní ohùn pẹ̀lẹ́. Má ṣe bá wọn wí kí wọ́n tó sọ tán. Bí o bá fajú ro nígbà tí wọ́n bá dárúkọ àgbo, wọn kò ní dárúkọ ìyókù. Má sì jẹ́ kí ẹlòmíràn wà nínú yàrá nígbà tí o bá ń bi àgbàlagbà ọkùnrin léèrè bí ìgbẹ́ rẹ̀ ṣe rí.

Àṣìṣe kejì ló burú. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ya ìwé náà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, inú lé mi wá sílé láti ọjà kó tó tó àkókò oúnjẹ. Mo bá Ìyá Gamkalley nídìí ààrò. Ìkòkò ńlá ẹ̀wà gbogbo ilé wà lórí iná. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lórí ààrò eléèédú kékeré kan, ìkòkò kan wà tí kò ju ẹ̀kúnwọ́ lọ, tó fi àwo dé. Ó rí mi, ó yára fi ara bo ìkòkò kékeré náà. Nígbà tí oúnjẹ jinná, inú ìkòkò kékeré náà ló ti bu tèmi.

Mo ṣọ́ ọ fún ọjọ́ mẹ́ta. Bákan náà ni. Gbogbo ilé ń jẹ láti inú ìkòkò kan, èmi nìkan ń jẹ láti inú òmíràn, èmi nìkan náà ni inú ń run. Lójú mi, ìṣirò náà ti pé.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Àwọn àgbà méjì ará Ìlọrin bá ẹ̀gbọ́n mi wálé láti mọ́sálásí. Ìyá Gamkalley gbé oúnjẹ wá, ó sì kúnlẹ̀ pẹ̀lú omi ìfọwọ́. Mo gbé àwo tèmi síwájú ẹ̀gbọ́n mi.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi bi ìyàwó yín ohun tó ń fi sínú oúnjẹ mi."

Ó ní, "Oúnjẹ wo?"

"Èyí tó ń sè fún mi lọ́tọ̀. Kí ló dé tí n kì í jẹ nínú ìkòkò tí gbogbo yín ń jẹ? Láti ìgbà tó ti ń sè fún mi ni inú ti ń run mí."

Ẹ̀gbọ́n mi wo ìyàwó rẹ̀. Ó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó ní, "Akọ̀wé, ẹ̀wà ló máa ń..."

N kò jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Mo ní, "Ẹ fẹ́ pa mí."

Ẹyin lohùn, ọmọ mi. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà ní, "Astagafurulahi." Ìyá Gamkalley dìde, ó lọ gbé ìkòkò kékeré náà wá, ó gbé e kalẹ̀ láàárín wa, ó tún fa àwo tó wà níwájú ẹ̀gbọ́n mi mọ́ra. Ó jókòó sílẹ̀, ó ń fi ọwọ́ jẹ ẹ́. Omijé ń dà lójú rẹ̀, kò nù ún. Ó jẹ àwo tán, ó jẹ ìkòkò tán, ó fi ìka nu ìdí ìkòkò náà lá. Lẹ́yìn náà ó kó àwọn abọ́, ó wọlé.

Kò ṣe é nǹkan kan. Ó yẹ kí ìyẹn tó mi. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀rù ti wọ̀ lára kì í gba ẹ̀rí. Mo sọ fún ara mi pé ó ti kọ́kọ́ mu aporó.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ̀gbọ́n mi kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Gamkalley. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "N kò lé ọ. Máa gbé ibí. Èmi ni n kò lè máa gbé ibi tí a ti pe ìyàwó mi ní apànìyàn." Nígbà tí o wà ní kékeré, o bi mí ìdí tí Ìyá Gamkalley kò fi ń gbé lọ́dọ̀ wa, mo ní nítorí ilé wa kéré ni. Irọ́ ni mo pa fún ọ.

Inú rírun náà kò bá wọn lọ. Mo ń fi ọwọ́ ara mi dáná, inú ń run mí. Mo ń ra ẹ̀wà lójú pópó, inú ń run mí jù ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọdún kan, ọdún méjì, ọdún mẹ́rin. Mo fẹ́ ìyá rẹ. Ìyá rẹ kì í pariwo, o mọ̀ ọ́n. Ọ̀sán ọjọ́ kan tí mo jáde láti ṣáláńgá tí mo jókòó tí mo ń mí hẹlẹ, ó gbé omi fún mi, ó ní, "Bàbá Jímọ̀, ẹ má bínú o. Ṣé Ìyá Gamkalley ló tún yọ́ wá se ẹ̀wà àná ni?"

Bí ẹni pé ó ta omi sí mi lójú ni. Mo dìde, mo wọ tákísì lọ sí Gamkalley.

Mo bá Ìyá Gamkalley nínú oko ewébẹ̀ rẹ̀ létí odò, ó ń bomi rin sàláàdì. Ó rí mi, ó gbé agolo omi sílẹ̀. N kò tilẹ̀ kí i. Mo dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀ nínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú agbádá ọjà lọ́rùn mi. Mo ní, "Ìyá, kí lẹ ń fi sínú ìkòkò yẹn?"

Ó ní, "Ìrẹsì tí ẹ ń rí yẹn náà ni, Akọ̀wé. Ìrẹsì àti ọbẹ̀ tí kò ní àlùbọ́sà púpọ̀."

Ó ní láti ìgbà tí ara mi ti yá ni òun ti ń ṣọ́ mi. Ọjọ́ tí mo bá jẹ ẹ̀wà, òun á máa gbọ́ ẹsẹ̀ mi lọ́nà ṣáláńgá. Ọjọ́ tí mo bá mu wàrà, bẹ́ẹ̀ náà. Òun dín àlùbọ́sà kù, ẹsẹ̀ mi dín kù lọ́nà. "Mo bi yín lẹ́ẹ̀kan, ẹ ní kò sí nǹkan tó ń ṣe yín. Mo rí i pé ojú ń tì yín. Mo ní kí n máa sè é lọ́tọ̀ láì sọ, kí ojú má baà tún tì yín níwájú ẹ̀gbọ́n yín."

Mo sunkún nínú ẹrẹ̀ yẹn bí ọmọdé. Nígbà tó ṣe, ó ní, "Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀ ń tẹ sàláàdì mi mọ́lẹ̀."

Ó dárí jì mí ní ọjọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n mi lò tó ọdún kan kó tó bá mi jẹun nínú àwo kan náà. Ṣùgbọ́n wọn kò padà sí Maourey mọ́, n kò sì bẹ̀ wọ́n láti padà. Ohun kan wà tí ìdáríjì kì í gbé padà sí àyè rẹ̀.

Èyí ni mo fẹ́ kí o fà yọ níbẹ̀, ìwọ tí wọ́n gbà sí iṣẹ́ ìwádìí. Ìyá Gamkalley ni olùwádìí àkọ́kọ́ tí mo rí láyé mi. Ó wò, ó kà á, ó yọ ohun kan, ó tún wò. Kò lọ sílé ìwé rí, ó sì mọ ohun tó ń ṣe ìfun mi ju èmi tí mo ni ín lọ. Má ṣe fojú di ẹni tó ń se oúnjẹ aláìsàn, ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ tọ̀. Ṣùgbọ́n níbi kan ṣoṣo tó ti ṣì í, ibẹ̀ náà ni kí o ti ṣọ́ra: kò sọ fún mi. Oore tí a bá ṣe ní ìkọ̀kọ̀ fún aláìsàn tó ń bẹ̀rù, májèlé ló ń jọ lójú rẹ̀. Ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́ fún ẹnikẹ́ni jẹ, tàbí tí ẹ bá fẹ́ gbà lára rẹ̀, ẹ ṣí ìdérí ìkòkò fún un. Ẹ sọ ọ́ ní èdè tó ń sọ nílé. Bí kò bá fẹ́, ẹ jẹ́ kó máa lọ ní àlàáfíà.

Mo ti gbàgbé iye ẹ̀kọ́ tí mo kà dé. Ẹ̀kẹta ni, bóyá ẹ̀kẹrin.

Nígbà tí mo wá gbà láti lọ sílé ìwòsàn, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, wọ́n yẹ ìgbẹ́ mi wò, wọ́n ti okùn oníná wọnú ìfun mi. Kì í ṣe nǹkan tí bàbá ń ròyìn fún ọmọbìnrin rẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ ti wá mú un di dandan. Dókítà tó ka èsì náà kò gbójú sókè. Ó ní, "Vous n'avez rien, Monsieur," pé kò sí nǹkan tó ń ṣe mí. Mo jáde, mo jókòó sórí pèpéle níwájú ilé ìwòsàn. Inú ń run mí. Mo wá ń bi ara mi pé, bí kò bá sí nǹkan tó ń ṣe mí, inú ta ni ń run yìí?

Àbẹ̀kẹ́, àìrí yàtọ̀ sí àìsí. Ó dára kí ẹ yẹ èèyàn wò dáadáa. Ẹni tó bá ń yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, ẹni tó bá ń rù láìnídìí, ẹni tí ibà kò fi sílẹ̀, má ṣe yára pe tirẹ̀ ní kolopatí. Wá ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wá a tí ẹ kò rí nǹkan, má ṣe sọ fún un pé kò ní nǹkan kan. Sọ fún un pé ohun tó ní ní orúkọ, pé kì í pa èèyàn, pé òun nìkan kọ́ ló ń ṣe. Ọjọ́ tí mo gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu Dókítà Hàmídù ni mo kọ́kọ́ sùn dáadáa lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Kò tíì fún mi ní oògùn kankan o. Orúkọ nìkan ni.

Hàmídù yìí, ọmọ Zarma ni, ọ̀dọ́mọkùnrin ni nígbà náà, òun náà sì ń ṣe ìwádìí. Ó bẹ̀ mí kí n bá wọn dá sí i. Ó ní àwọn kan yóò gba oògùn gidi, àwọn kan yóò gba èyí tí kò ní nǹkan kan nínú, òun pàápàá kò sì ní mọ ẹni tó gba èwo títí yóò fi parí. Mo fọwọ́ sí i. Ó fún mi ní ìwé kékeré kan kí n máa kọ ọ́ lójoojúmọ́ bí inú mi ṣe rí.

Gbogbo ìgbà tí mo bá lọ, ó máa ń dìde fún mi, ó máa ń bi mí nípa ilé, nípa ọjà, nípa ẹ̀yin ọmọ. Ojú ń tì mí láti mú ìròyìn burúkú bá irú ọmọ dáadáa bẹ́ẹ̀. Mo wá ń kọ ọ́ pé ó dára, ó dára, ó dára. Nígbà mìíràn mo máa ń kọ ti ọjọ́ méje pọ̀ nínú tákísì.

Ní ọjọ́ kan ó ṣí ìwé náà, ó rí i pé gbogbo ọ̀sẹ̀ kan jẹ́ yíǹkì kan náà, ọ̀rọ̀ kan náà. Kò bínú. Ó ní, "Baba, bí ẹ bá purọ́ fún mi tí mo sì gbà á, a ó máa fún ẹni tó dà bí yín ní ohun tí kò ràn yín lọ́wọ́." Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Kala suuru, Baba," bí àwọn Zarma ṣe máa ń sọ, pé sùúrù ló kù. Láti ọjọ́ náà mo ń kọ òótọ́. Òótọ́ náà sì yà mí lẹ́nu, nítorí pé lóòótọ́ ni inú mi bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Ìrora tó ń wá lójoojúmọ́ wá ń wá lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀.

Nígbà tí ìwádìí parí, ó pè mí, ó sọ fún mi pé èyí tí kò ní nǹkan kan nínú ni mo gbà.

Ojú tì mí kọjá sísọ. Mo ní, "Dókítà, ṣé irọ́ ni mo ti ń pa fún ara mi láti ọdún yìí wá?" Ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Ìrora yẹn, òótọ́ ni. Ìrọ̀rùn yẹn náà, òótọ́ ni. Ọpọlọ àti ìfun máa ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, Baba. Ẹ rí ẹni tó gbọ́ tiyín, ọpọlọ yín sinmi, ìfun yín gbọ́."

Mo ronú sí i nígbà tí mo délé. Ẹ̀yin dókítà ń sọ ọ́ bí nǹkan tuntun, ṣùgbọ́n àwa Yorùbá kò ya méjèèjì sọ́tọ̀ rí. Bí ayọ̀ bá dé, inú wa a dùn. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ wá, inú a bí wa. Bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ wá, inú wa a bàjẹ́. Èrò pàápàá, inú la ti ń rò ó, òun la ṣe ń pè é ní ìrònú. Nítorí náà, bí ẹnì kan ní Ìlọrin bá sọ fún ọ pé inú òun kò dùn, má ṣe yára kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìfun ni, má sì yára kọ ọ́ pé ìbànújẹ́ ni. Bi í léèrè. Ó lè jẹ́ méjèèjì. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ yín fi ẹni tí oògùn òfìfo ràn lọ́wọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Bàbá rẹ wà lára wọn.

Bí o bá fẹ́ mọ ohun tó gbà mí là di òní, kò sí ohun ńlá kan níbẹ̀. Mò ń jẹun lákòókò. Mo máa ń fi ẹsẹ̀ rìn lẹ́yìn ìrun Àsùbáà. Hàmídù kọ́ mi láti yọ oúnjẹ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, kí n wò ó, kí n sì dá a padà bí kò bá jẹ̀bi, nítorí ṣáájú ìgbà yẹn mo ti sọ gbogbo oúnjẹ di ọ̀tá, ìrẹsì funfun nìkan ló kù, mo sì rù bí igi. Oògùn kan wà tí mo máa ń lò bí inú bá lọ́ mi jù. Bí ọjà bá le, mo mọ̀ pé inú yóò dá sí i, n ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù fún wákàtí kan, n ó mí. Kò san tán. Ó ti di aládùúgbò tí mo mọ ìwà rẹ̀. Má ṣe ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni pé yóò san tán, ṣùgbọ́n má ṣe jẹ́ kí wọ́n rò pé kò ní dẹ̀ wọ́n lára.

Ó ku ọ̀kan. Òun gan-an ló mú mi gbé gègé.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú ìrìn àjò rẹ, ìyá rẹ se oúnjẹ tí o fẹ́ràn jù, gbogbo wa jókòó. O kàn ń fi ṣíbí yí i po ni. O dìde lẹ́ẹ̀kan, o dìde lẹ́ẹ̀mejì, o dìde lẹ́ẹ̀kẹta. Nígbà tí o padà, òógùn wà ní iwájú orí rẹ, o rẹ́rìn-ín, o ní fóònù ló ń pè ọ́. Fóònù rẹ wà lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, Àbẹ̀kẹ́. Kò dún.

N kò sọ̀rọ̀ níwájú wọn. Mo mọ irú ẹ̀rín yẹn. Èmi ni mo ni ín.

Bóyá ìdí tí o fi yan iṣẹ́ yìí nìyí. O kò ní láti dá mi lóhùn lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí o tó yẹ ẹnikẹ́ni wò ní Ìlọrin, jẹ́ kí ẹnì kan yẹ ìwọ náà wò dáadáa. Sọ fún ọ̀kan nínú àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́. Bí ọkọ bá dé lọ́jọ́ iwájú, sọ fún un kí ó tó di pé ó ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ lọ́nà ilé ìyàgbẹ́. Bí ó bá sì dun ọ́, pe bàbá rẹ. Ní àárín ọjà ni, ní ẹ̀yìn ìrun ni, n ó gbé e, n kò sì ní wúkọ́.

Wọ́n ní ó ṣeé ṣe kó máa tẹ̀lé ìdílé. Bí ó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ mi lo ti jogún rẹ̀, dárí jì mí. Jogún inú rírun náà bí kò bá ṣeé kọ̀. Má jogún ìtìjú rẹ̀.

Kí Ọlọ́run fi ọwọ́ àánú rẹ̀ bo inú rẹ, kó sì jẹ́ kí ọwọ́ tìrẹ jẹ́ ìrọ̀rùn fún inú ẹlòmíràn. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Búsàrí